Omi Tí Mo Fi Wẹ Mùtíù

Kí n tó ṣí ọ̀rọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó dá ẹ̀mí mi sí. Kì í ṣe ọpẹ́ orí ahọ́n lásán. Àpá mẹ́ta ni mo gbà ní Ọ̀tà: ọ̀kan lórí, ọ̀kan léjìká, ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ òsì. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀, mo máa ń sọ fún Ẹlẹ́dàá mi pé Òun nìkan ló mọ ìdí tí mo fi wà láàyè tí mo ń fi ọwọ́ ara mi wẹ ara mi, tí kì í ṣe pé àwọn ẹlòmíràn ló wẹ̀ mí, tí wọ́n sì gbé mi lọ. Mo dúpẹ́ fún ara mi, mo sì dúpẹ́ lórúkọ àwọn tí kò sí mọ́ láti dúpẹ́.

Sàró ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò àwa Mùsùlùmí tó wà lẹ́bàá òkun. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú omi, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Sàró, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Nílé wa, Yorùbá ni ìyá àgbà mi fi ń bú wa, Kirió la fi ń ṣeré níta, Lárúbáwá la fi ń kéwú, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kàwé. Nítorí pé "ẹ kú" kì í tán lẹ́nu àwọn àgbà wa, Àkú ni àwọn ará Sàró yòókù ń pè wá. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé a kì í ṣe ará ibẹ̀.

Mo wá kọ́ ìmọ̀ òfin tán nílùú òyìnbó, mo sì rò ó pé kàkà kí n padà sí ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní ará Yorùbá, n ó kúkú lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Mo dé ibẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún mi ní ọjọ́ tí mo dé ni Sàró.

Ṣàngó lẹ́bàá Ọ̀tà ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣàngó ìgbà náà kì í ṣe Ṣàngó òde òní tí ilé iṣẹ́ àti mọ́tò ti gbà pátápátá. Oríta ni, tòun ti ìsọ̀ díẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró gbé obì lọ sí Èkó. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn aláàárù méjì fa àpótí mi lọ́wọ́ ara wọn. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àfìgbà tí ọ̀kan gbé igi tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, tó fi la ẹnu èkejì. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀ níwájú bàtà mi. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ṣòkòtò funfun tí mo rà nítorí kí n lè wọ̀ ọ́ délé.

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ wò mí.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń jà lé lórí?"

"Rárá, mà. Àpótí mi ni."

"Kò burú," ó ní. "Ẹ káàbọ̀ sí Ṣàngó."

Ilé ìyá kan tó ń ta obì, Ìyá Sínótù, ni mo fi ṣe ibùgbé ní Ọ̀tà. Opó ni, ó ga, ó sì lágbára ju ọkùnrin méjì lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo kí i bí ìyá àgbà mi ṣe kọ́ mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ bí òkú! Ìyá tó bí ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Òótọ́ ló sọ. Yorùbá tí a ní ní Sàró jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo bá dúró ní kóòtù tí mo bá la ẹnu, àwọn arúgbó máa ń sún síwájú láti gbọ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, n kì í sọ ju ohun tí mo bá nílò lọ. Èèyàn lè dá wà láàárín àwọn tó ń sọ èdè ìyá rẹ̀. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A kò ní tẹlifóònù tí ń lọ sí ilé nígbà náà. Tẹlifóònù tèmi ni Bọ̀dá Dáúdà, ará àdúgbò wa kan ní Sàró tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀ sí Àpápá, n ó lọ bá a. A ó jókòó sórí okùn ọkọ̀, yóò sì máa sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ àti bó ṣe ń fọwọ́ na itan. "Ó ní ṣé o ń jẹ ìrẹsì. Ó ní tí o kò bá jẹ ìrẹsì, o kò tíì jẹun." N ó fún òun náà ní ọ̀rọ̀ tèmi. N kò sọ̀rọ̀ eyín fún un rí, n kò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ní Ọ̀tà, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í dá wá sí ọ́fíìsì lọ́yà. Àdá ni í mú dání wá. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni Ráúfù, àgbẹ̀ kan tó ní oko obì ní ìhà Iló-Awẹ́là. Ó wọlé, ó kí mi dáadáa, ó sì tú ewé kókò kan sórí tábìlì mi. Àtàǹpàkò èèyàn ló wà nínú rẹ̀.

"Lọ́yà, ẹ̀rí mi rèé."

Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì. Mo sáré sí ojú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bì lé e o," ó ní. "Adájọ́ ò tíì rí i."

Àwọn tó gé e ni àwọn ọmọ ilé Bàbá Làmídì. Bàbá yìí ni olórí àdúgbò ńlá kan nínú ìlú, oko tiwọn sì bá ti Ráúfù pààlà. Mo ro ẹjọ́ náà, Ọlọ́hun ràn mí lọ́wọ́, mo jàre. Wọ́n dá ilẹ̀ Ráúfù padà fún un. Àwọn àgbẹ̀ Iló gbé mi sórí èjìká láti Ọ̀tà títí dé Ṣàngó. Ìyẹn ni ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí mo ní ní ìlú náà, mo sì rántí pé mo ń ronú lórí èjìká wọn pé ìyá mi ì bá wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ pé ẹni tó bá àwọn gba ilẹ̀, kó lọ jókòó sí ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, kó bá àwọn gba omi ẹ̀rọ àti ilé ìwé. Báyìí ni mo ṣe bọ́ sínú òṣèlú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà náà pàdé kò lè mọ bí ó ṣe rí. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló wà: èmi àti àwọn àgbẹ̀ Iló wà nínú ọ̀kan, Bàbá Làmídì wà nínú èkejì. Ọkọ àti aya a máa torí ẹgbẹ́ kọ ara wọn. Bí ará ẹgbẹ́ kan bá bímọ, ará ẹgbẹ́ kejì kò ní dé ibi ìkómọ. Ó wá burú dé mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará àdúgbò Bàbá Làmídì ní àwọn kò ní kírun lẹ́yìn Lẹ́mọ́mù tó ti ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn mọ́, wọ́n kúrò ní mọ́ṣáláṣí ńlá, wọ́n sì ń kí tiwọn nínú àgbàlá kan. Mo sunkún ní Jímọ̀ tí wọ́n kúrò. Níbi tí mo ti wá, bí wọ́n tilẹ̀ gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ wa, wọn kò lè gba ẹsẹ̀ ìrun tí a jọ ń tò lọ́wọ́ wa.

Ní ọjọ́ kan tí mo ń sọ̀rọ̀ níwájú ọjà, Bàbá Làmídì dìde láàárín èrò. Bàbá kúkurú ni, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí irin.

"Sàró! Mo ní ìbéèrè."

"Ẹ béèrè, Bàbá."

"Ilé wo ní Ọ̀tà ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ sí?"

Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Kí ni oríkì ìdílé rẹ?"

N kò ní in. Àwọn tó yẹ kó kọ́ mi ti gbàgbé rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ẹni tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀ ló fẹ́ ṣe òfin fún ilé bàbá wa."

Kò sí òkúta tí wọ́n sọ lù mí tó dùn mí tó ìyẹn. Òkúta náà kò sì pẹ́ tó dé. Lẹ́yìn ìrun alásàrí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ya bo ilé Ìyá Sínótù. Wọ́n fi ẹ̀ẹ́dú kun ojú, wọ́n gbé kùmọ̀ àti epo kẹrosíìnì lọ́wọ́. Òkúta kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó là mí lórí. Mo wà nílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ mí lójú, tí mo ń gbọ́ Ìyá Sínótù ní orí àtẹ̀gùn. Ó ti gbé ìkòkò omi gbígbóná lé orí ààrò láti ìgbà tó ti gbọ́ ariwo wọn lókèèrè.

"Ẹni tó bá gùn ún, n ó bọ̀ ọ́ bí adìyẹ!"

Ọ̀kan gùn ún. Ó da omi náà lé e láyà. Igbe ọkùnrin náà gba gbogbo àdúgbò. Wọ́n sì sá lọ, wọ́n fi epo wọn sílẹ̀ fún wa.

"Epo tó dáa nìyí," ni Ìyá Sínótù wí, bó ṣe ń di orí mi. "A ó fi tan fìtílà di ìparí oṣù."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, a gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Iló. Wọ́n gbé ìtì igi dí wa lọ́nà. Àwọn ọmọ ilé Bàbá Làmídì jáde láti inú oko obì. Àwọn tiwa náà bẹ́ sílẹ̀ tòun ti àdá, n kò sì lè dá wọn dúró. Ta ló fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì òfin níbẹ̀? Àdá gbá mi léjìká, mo ṣubú sábẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Mo rí ẹsẹ̀ tí ń sá, mo rí ẹsẹ̀ tí ń lé, mo rí ọwọ́ tó bọ́ sílẹ̀ láìsí ara. Ìbọn ṣakabùlà dún lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa rò pé wọ́n yìn ín sókè láti fi dẹ́rù bà wá.

Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, Mùtíù, ọmọ Bàbá Làmídì, ti kú. Ráúfù ni wọ́n rí tó dúró tì í nígbà tó ṣubú, pẹ̀lú àdá ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará ilé Mùtíù ti gbé òkú sá lọ kí òyìnbó dókítà má baà là á. Ọlọ́pàá kó ẹni tí wọ́n lè kó nínú ẹgbẹ́ méjèèjì lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan Ráúfù. Ẹ̀sùn náà, okùn ni ìdájọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò wá sọ fún Ìyá Sínótù pé òkú Mùtíù ṣì wà nílẹ̀. Àáfà kan ṣoṣo tó mọ òkú wẹ̀ ní àdúgbò wọn wà lára àwọn tí ọlọ́pàá kó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá ń bẹ̀rù, Bàbá Làmídì sì ti búra pé ará ẹgbẹ́ wa kankan kò ní fọwọ́ kan ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ń mú, òkú kì í sì í dúró de òṣèlú.

Bàbá mi ní Sàró ló ń wẹ òkú àwọn ọkùnrin ní mọ́ṣáláṣí wa, òun ló sì kọ́ mi. Mo dìde tòun ti èjìká tí wọ́n fi aṣọ dì, mo mú káfúrà tí a ń fi sí omi òkú, mo wá aṣọ funfun.

"Níbo lò ń lọ?" Ìyá Sínótù dí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo fẹ́ lọ wẹ̀ ẹ́."

"Orí rẹ tí wọ́n là yẹn, ṣé ọpọlọ ti jò jáde níbẹ̀ ni?"

"Ìyá, ojúṣe gbogbo wa ni. Bí ẹnì kankan kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ló jẹ̀bi."

Ó wò mí títí. Ó wá yà fún mi. "Bí wọ́n bá pa ọ́, n kò ní lọ gba òkú rẹ lọ́wọ́ wọn o. Mo ti sọ fún ọ."

Ní ẹnu ọ̀nà ilé Bàbá Làmídì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbá mi létí, fìlà mi sì ṣubú. Òmíràn fi àdá tẹ̀ mí lọ́rùn.

"Sàró wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀!"

"Mo wá wẹ òkú," ni mo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Làmídì jáde. Láàárín ọjọ́ kan péré, ó ti rù.

"Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ tún fẹ́ wẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. "Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ pa mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Omi máa ṣẹ́kù. Ẹ fi wẹ èmi náà."

Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìnkùlé. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà mi nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó nà án sí mi.

"Èmi ni n ó máa da omi," ó ní.

Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú yàrá náà. Mo bo ìhòòhò Mùtíù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Bàbá ń da omi díẹ̀díẹ̀. Ojú àdá wà ní apá Mùtíù, ṣùgbọ́n kò jìn. Irú èyí tí ìyá ń fi ewé dì fún ọmọ. Mo yí i padà láti wẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀ èjìká, mo rí àwọn ihò kéékèèké tó pọ̀, bí àpá ṣọ̀pọ̀ná. Ọta ṣakabùlà. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti yìn ín.

Omi dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. N kò gbójú sókè. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá wẹ òkú, tó sì bo ohun tó rí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ náà. Mo fi káfúrà sí omi ìkẹyìn, mo wé e, a kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n lọ. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Bọ̀dá Dáúdà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, ó gbé e délé, ó sì gbé èsì ìyá mi wá nígbà tí ọkọ̀ wọn padà. "Ó ní ṣé apá ọ̀tún lo kọ́kọ́ wẹ̀? Ó ní ṣé ìwọ fúnra rẹ wẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ó ní tí o kò bá wẹ̀, kó o lọ wẹ̀ nísinsìnyí." Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú mi níbẹ̀ lórí okùn ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kí èsì náà tó dé ni ohun tó le jù ṣẹlẹ̀. Mo lọ wo Ráúfù ní àtìmọ́lé. Wọ́n ti nà án. Ojú rẹ̀ kan wú pa.

"Lọ́yà, ẹ má dààmú ara yín," ó ní. "Èmi ni mo pa á. Mo gé e, ó ṣubú. Mo ń rí i tí ń ṣubú ní gbogbo ìgbà. Ẹ sáà bá mi tọ́jú àwọn ọmọ mi."

Òun náà gbà pé òun ni! Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó gbé ṣakabùlà lọ́jọ́ náà kí n tó ṣubú: Ràsákì, ẹ̀gbọ́n Mùtíù, ọdẹ, tó dúró lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Ó fẹ́ yin àwa, àbúrò rẹ̀ sáré kọjá níwájú rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á so Ráúfù kọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tú àṣírí òkú, mo sì ti fi ọmọ kan tó kù fún bàbá náà lé ìjọba lọ́wọ́. N kò lè jẹun. Mo gbàdúrà, mo ka ohun tí mo mọ̀, gbogbo rẹ̀ sì padà sí ibì kan náà: bíbo àṣírí òkú dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀mí alààyè bò ó.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo padà sí ilé Bàbá Làmídì. Ó jókòó nìkan lórí ẹní.

"Bàbá, mo rí nǹkan lára Mùtíù."

"Èmi náà rí i," ó ní. "Ṣebí èmi ni mo da omi."

"Ráúfù wà nínú àtìmọ́lé."

"Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀. Ṣé ó yẹ kí n mú èkejì tẹ̀ lé e?"

"Ráúfù náà ní bàbá."

"Tí n kò bá lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá ńkọ́?"

"Èmi á lọ."

"Ìwọ? Ìwọ tó wẹ̀ ẹ́?"

"Ọlọ́hun á bi mí léèrè, Bàbá. Èmi ni n ó dá A lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá lọ, èmi fúnra mi ni n ó dúró fún Ràsákì ní kóòtù. N kò ní gba nǹkan kan. Kò fẹ́ pa á, òfin mọ ìyàtọ̀ rẹ̀."

N kò mọ̀ pé Ràsákì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fò jáde, ó mú mi lọ́rùn, ó gbé ọ̀bẹ ọdẹ rẹ̀ sókè. Ọwọ́ òsì ni mo fi mú ojú ọ̀bẹ náà. Mo gbọ́ bó ṣe ń wọ ẹran. A jọ ṣubú lulẹ̀, ó sì jókòó lé mi láyà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé, "Mo fẹ́ yin ìwọ ni! Ìwọ ni mo fẹ́ yìn!"

Bàbá Làmídì kò dìde.

"Ràsákì," ó ní, "pa á. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ fún mi ta ni yóò wẹ òun náà."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo Ọ̀tà rí bàbá kúkurú náà tó ń rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó fi ẹní wé ìbọn, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Ràsákì fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́, nítorí náà wọn kò hú òkú náà.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa gbọ́ pé èmi ni n ó dúró fún Ràsákì, wọ́n ní mo ti ta àwọn. Wọ́n fi òkúta fọ́ fèrèsé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ìyá Sínótù gbá àfọ́kù rẹ̀ jọ.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹgbẹ́ méjèèjì ti sọ òkúta lù ọ́ báyìí. O ti di ti gbogbo ìlú."

Síbẹ̀, nígbà tí ìdìbò dé, mo wọlé. Ìbò tí mo fi jù wọ́n lọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo wọlé. Ẹjọ́ náà bọ́ sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó kó dúró fún Ráúfù, èmi sì dúró fún Ràsákì. Nígbà tí Bàbá Làmídì bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, adájọ́ bi í bóyá ẹnì kan ló fi ipá mú un.

"Rárá," ó ní. "Omi ló fi hàn mí."

Wọ́n sọ Ràsákì sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò pa á. Wọ́n ní ìyà tí Ráúfù ti jẹ ní àtìmọ́lé tó fún ọgbẹ́ tó dá sí Mùtíù lápá, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, mo fara ti òpó. Bàbá Làmídì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò wo ojú mi.

"Mo gbọ́ pé o ti wọlé sí Ìbàdàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kì í ṣe ìbò tiwa."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ó dáa tí o mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì náà, o kò ní rí i." Ó fi etí agbádá nu ojú. "Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó ṣe àdúrà fún Mùtíù lẹ́yìn ìrun. Ẹni tó wẹ òkú kì í pẹ́ dé irú ibẹ̀. Tètè wá, àgbàlá wa kì í gba èèyàn."

Mo tètè lọ. Àgbàlá náà ti kún. Ọkùnrin tó gbá mi létí wà ní ẹsẹ̀ ìrun kejì. Ó wò mí, kò kí mi. Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sí apá kan, ó sì tún ẹní ṣe fún mi. Mo dúró síbẹ̀.

Ìwọ tí o ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìparí, ní ilé tàbí ní àjò, kí Ọlọ́hun má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sí ọwọ́ rẹ, kí ó má ṣe fi tìrẹ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó fún ọ ní ibi tí wọ́n á ti sún ẹsẹ̀ fún ọ. Ní ọjọ́ tí o bá sì kú, lẹ́yìn ẹ̀mí gígùn, kí ó fún ọ ní ọwọ́ tó mọ́ tí yóò wẹ̀ ọ́. Àmín.